Psycho-Pass: ibo ló ti dára, ibo ló ti kù díẹ̀ káàtó?

ỌmọAyétòrò béèrè:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Òṣogbo níbí ni mo wà. Ọ̀rẹ́ mi kan da gbogbo Psycho-Pass, eré àwòrán ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń pè ní anime, sínú fíláàṣì fún mi, mo sì ti wo apá kìíní. Obìnrin tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí màbo, òun náà ni ọlọ́pàá tún fẹ́ yìnbọn pa. Kò yé mi rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n má fi àkókò ṣòfò, pé ọ̀rọ̀ sísọ ti pọ̀ jù níbẹ̀, ìjà ò tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó tán, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dára níbẹ̀, kí ni kò dára? Sáà wo ni kí n fò? Ẹ má sọ òpin rẹ̀ fún mi o.

FóònùÒkèFìà dáhùn:

Àbúrò mi, ohun tí kò yé ọ yẹn gan-an ni eré náà dá lé. Ilẹ̀ Japan ní ọdún 2112 ni wọ́n gbé e kà. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Sibyl, òun ló ń yẹ ọkàn gbogbo aráàlú wò lójú pópó, ó sì ń fún kálukú ní nọ́ḿbà ọ̀daràn tirẹ̀. Tí nọ́ḿbà rẹ ò bá tó 100, Dominator, ìyẹn ìbọn àwọn ọlọ́pàá, kò ní ṣiṣẹ́ sí ọ lára. Tó bá wà láàárín 100 sí 299, á mú ọ dákú. Tó bá ti di 300, ìbọn yẹn á yí ara padà lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, á sì fọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ túútúú. Kò sí ilé ẹjọ́, kò sí agbẹjọ́rò, kò sí ẹni tó máa bi ọ́ pé kí lo ṣe.

Ìyà tí wọ́n fi jẹ obìnrin apá kìíní ló gbé nọ́ḿbà rẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó ń hùwà ibi yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n hùwà ibi sí. Tsunemori Akane, ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, rí i pé èyí ò dáa, ló bá yìnbọn amúnidákú lu Kogami, ẹni tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀, kó má bàa pa obìnrin náà. Eré ọlọ́pàá mélòó ló ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn?

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Òkè-Fìà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan wà, ó dirun dàda, kò mutí, kò fa sìgá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn kan tó gbé ìbọn dá a dúró lórí ọ̀kadà. Irun rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà oníbàárà tó wà nínú báàgì rẹ̀, ó parí, ọmọ Yahoo ni. Ilẹ̀ mọ́ ká tó rí i gbà jáde. Látìgbà yẹn, tó bá ti rí iná tọ́ọ̀ṣì níwájú, àyà rẹ̀ á máa já, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ni wọ́n sì tún máa ń sọ pé àwọn fi mọ̀ pé ó ní nǹkan tó ń pamọ́. Nígbà tí mo rí obìnrin yẹn nínú apá kìíní, ọmọ mi yìí ni mo rí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà kí ẹnikẹ́ni pe eré yìí ní òfo.

Ibi tó ti dára jù lọ ni apá 11. Makishima, ọ̀tá inú eré náà, mú Yuki tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Akane, ó de ọwọ́ rẹ̀, ó mú abẹ dání. Akane na Dominator sí i. Ìbọn náà ń ka nọ́ḿbà: kàkà kó máa gòkè, ńṣe ló ń wálẹ̀. Bí Makishima ṣe ń múra láti ṣe iṣẹ́ ibi náà ni nọ́ḿbà rẹ̀ ń wálẹ̀ sí i, títí ó fi di òdo. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ̀rọ lè fi mú un. Ó wá ju ìbọn ọdẹ àtijọ́ kan sí Akane, ìbọn tí kì í béèrè nọ́ḿbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yìn ín. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Ṣùgbọ́n wo ojú Akane níbẹ̀, wo bó ṣe di ìbọn yẹn mú. Wọn ò kọ́ ọmọ yẹn láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ rí, ẹ̀rọ ló ń bá a ṣe é.

Èyí tó tún wọ̀ mí lára ni ti apá 14. Ọkùnrin kan fi òòlù lu obìnrin kan pa lójú títì, lọ́sàn-án gangan, àwọn èrò kàn dúró tí wọ́n ń wò ó. Wọn ò pariwo, wọn ò sá, torí pé ẹ̀rọ ò tíì sọ pé ọ̀daràn ni. Lọ́jà Ọba wa níbí, kó o gbé òòlù sókè sí obìnrin, kò ní tíì balẹ̀ tí àwọn aláta á fi bò ọ́. Ẹni tó kọ sáà kìíní, Gen Urobuchi, mọ̀ pé tí ẹ̀rọ bá ti ń ronú fún èèyàn, ojú á ríran, ọkàn ò ní mọ ohun tójú rí.

Ní ti àléébù, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Makishima kì í lè pa èèyàn láìkọ́kọ́ sọ ohun tó kà nínú ìwé kan. Kogami náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìṣe wọn fi hàn ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń ṣàlàyé. Àwòrán apá 18 náà ò dára nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́, kó tó di pé wọ́n tún un ṣe fún Blu-ray. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fi hàn wá.

Sáà kejì ni kó o fò.

ÌyáAláró dáhùn:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Adìrẹ ni mò ń ṣe, àwọn ọmọ mi ló fi anime mọ̀ mí, àtìgbà náà ni mo sì ti ń wò ó. Gbogbo ohun tí ẹni tó ń tún fóònù ṣe sọ ni mo fara mọ́, àfi pé ó gbójú fo ohun kan. Ara obìnrin ni wọ́n ń gé jù nínú eré yẹn. Apá 6 sí 8, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ọmọléèwé kan ń pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi òkú wọn ṣe ère. Mo mọ ohun tí eré náà fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un sọ, wọ́n tún un sọ, a ò sì mọ àwọn ọmọ tó kú yẹn ju orúkọ wọn lọ. Ó dùn mí gan-an. Má ṣe jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ kéékèèké jókòó tì ọ́ wò ó.

Sàbó_Otaku dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà, ẹ ṣàánú sáà kejì, ẹ jọ̀ọ́. Apá 11 péré ni. Ìbéèrè rẹ̀ sì dára: ṣé ẹ̀rọ tó ń ṣèdájọ́ lè ṣèdájọ́ ara rẹ̀? Apá 4 rẹ̀, níbi tí nọ́ḿbà àwọn tí wọ́n há mọ́lé ń gòkè nítorí ìbẹ̀rù, tí ọlọ́pàá tó wá gbà wọ́n wá ń pa wọ́n, ṣebí ọ̀rọ̀ obìnrin apá kìíní náà ló ń sọ?

FóònùÒkèFìà dáhùn:

Ẹ ṣeun, Mọ̀mí. Ẹ̀yin lẹ jàre lórí apá 6 sí 8.

Sàbó, ọ̀rọ̀ náà ni lóòótọ́, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn. Ní apá kìíní, obìnrin kan ṣoṣo ni, a rí ojú rẹ̀, a gbọ́ ohùn rẹ̀, Akane bá a sọ̀rọ̀ títí nọ́ḿbà rẹ̀ fi wálẹ̀. Ní apá 4 ti sáà kejì, èrò rẹpẹtẹ ni wọ́n fọ́ túútúú, a ò mọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, àánú dín kù. Ọwọ́ tó ṣe é ló yàtọ̀: Production I.G ló ṣe sáà kìíní ní ọdún 2012 sí 2013, Tatsunoko ló ya àwòrán ti kejì ní 2014, Tow Ubukata ló sì to ìtàn rẹ̀. Ẹ tún wo Shimotsuki Mika, ọmọ tó ti rí ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní sáà kìíní. Ó yẹ kí wọ́n jẹ́ ká mọ bí ìbẹ̀rù ṣe sọ ọ́ di ẹni tó ń foríbalẹ̀ fún ẹ̀rọ. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn fi ṣe ẹni tí a ó máa bú ni.

Ẹ fi í wé Kagari ti sáà kìíní, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Kogami ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí Sibyl ti ní ọ̀daràn ni yóò dà. Àwa náà gbà pé àyànmọ́ wà, ṣùgbọ́n tí Ifá bá sọ ibi, á sọ ẹbọ. Wọn ò ka ẹbọ kankan fún Kagari. Ó ń ṣàwàdà, ó ń se oúnjẹ, inú àwàdà yẹn lo ti máa mọ̀ pé ó ń bínú. Ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ni wọ́n fún un, a sì mọ̀ ọ́n dénú.

ỌmọAyétòrò:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ó ti yé mi. Ṣé tí mo bá fo sáà kejì, sáà kẹta á ṣì yé mi?

FóònùÒkèFìà dáhùn:

Á yé ọ. Wo gbogbo apá 22 ti sáà kìíní, kó o wo fíìmù tó jáde ní 2015, ibẹ̀ ni wàá ti rí òde Japan. Sáà kẹta ti 2019, apá 8 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, àwọn ọlọ́pàá tuntun ló sì wà nídìí rẹ̀. Kò parí síbẹ̀ o, fíìmù First Inspector ti 2020 ló parí rẹ̀, wo inú fíláàṣì rẹ bóyá ó wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, mo ní i.