Corolla 2005 la rà, ẹ kú àdúrótì

Ìbéèrè tí mo bi yín ni pé, láàárín ọkọ̀ Toyota méjì, Corolla àti Camry 2005, èwo ni kí n rà fún ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, èyí tí yóò máa ná Ìlọrin sí Òmù-Àrán? Corolla la mú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, ti Camry tó kéré jù jẹ́ 2.4, èyí tó kéré ni kì í jẹ epo púpọ̀. Pẹ̀lú owó epo ìsinsìnyí, mi ò wá ìdí mìíràn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣáná sí i. Mẹkáníìkì wa kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá ó tutù, ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó fi àkísà nù ún, ó tún tì í bọnú padà láti mọ ibi tí ọ́ìlì dé. Ìgbà tí wọ́n wá ṣáná, ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà ló lọ dúró sí. Bí èéfín búlúù bá ń jáde, ọ́ìlì ló ń jẹ yẹn. Ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ọmọ mẹ́ta gba ẹ̀yìn dáadáa, àgbà mẹ́ta ni yóò fún. Ó sún mọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí náà bí iṣu bá kún bùútù, ẹ rọra gun bọ́ǹpù.

Ẹ ṣeun gan-an, pàápàá ẹni tó ní kí n yẹ ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù wò kí n tó sanwó.