“Arákára” kọ́ o: lórí abẹ́rẹ́ tó ń gbógun ti bárakú

Láti Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n mi n’Íléṣà, mo kí yín fún iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n “arákára” tí ẹ ṣẹ̀dá fún bí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń gbógun ti bárakú oògùn olóró ṣe ń jẹ́ fún ẹnìkan tí kì í jẹ́ fún ẹlòmíràn, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Àfòmọ́ àárín -kí- yẹn ló bà á jẹ́. Ẹ wo ọmọkọ́mọ, ẹ wo ọ̀rọ̀kọ́rọ̀, ẹ wo ìjẹkújẹ: èébú ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń làkàkà láti bọ́ lọ́wọ́ kokéènì, ṣé a ó tún máa pe ara rẹ̀ ní arákára ni?

Ohun tí à ń wá orúkọ fún rèé. Ẹyọ kokéènì kéré jù, àwọn ọmọ ogun ara kì í kà á sí ọ̀tá. Àfi kí wọ́n so ó mọ́ pùrótéènì ńlá kan. Ní ti TA-CD, ọ̀kan lára àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe láti gbógun ti kokéènì, apá kan lára májèlé kòkòrò onígbáméjì ni wọ́n so ó mọ́. Ìgbà náà ni ara á pèsè àńtíbọ́dì tó máa gbá kokéènì mú nínú ẹ̀jẹ̀ kó má baà ráyè wọ ọpọlọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iye àńtíbọ́dì yìí kì í bá ara wọn mu. Nínú ìdánwò TA-CD ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2009, ènìyàn 115 ló kópa, abẹ́rẹ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Nínú àwọn tó gba ojúlówó abẹ́rẹ́, ìdá 38 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àńtíbọ́dì wọn tó máíkírógíráàmù 43 nínú mìlílítà kan. Àwọn yẹn ni wọn ò sábà bá kokéènì nínú ìtọ̀ wọn tó ti àwọn yòókù, agbára abẹ́rẹ́ náà ò sì ju nǹkan bí oṣù méjì lọ. Bí ẹ bá ro gbogbo wọn pọ̀ tí ẹ pín in dọ́gba, ẹni tó jẹ́ fún á sọnù sáàárín àwọn tí kò jẹ́ fún. Èkúté ilé ìdánwò tó jẹ́ ìran kan ṣoṣo kì í fi èyí hàn dáadáa.

Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba. “Àìdọ́gba ara” ni kí a pè é, ó parí.

Láti Iléṣà:

Àbúrò, kò tíì parí. Ṣé èébú ni ẹnikẹ́ni? Ibikíbi ńkọ́, ìgbàkígbà ńkọ́? Àìdọ́gba tìrẹ gan-an ló dà bí ẹ̀sùn: àì- yẹn ń sọ pé ó yẹ kí gbogbo ara rí bákan náà. Iye nìkan ló sì ń sọ. Àńtíbọ́dì ẹnìkan lè pọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má le, kokéènì á máa já bọ́. Ẹlòmíràn, nítorí kokéènì tó ti ń lò tipẹ́, ti ní àńtíbọ́dì IgM (irú èyí tí ara máa ń kọ́kọ́ pèsè) nílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Irú wọn ni abẹ́rẹ́ kì í sábà jẹ́ fún. Ẹni tó bá sì fi kún ìwọ̀n tó ń lò, ẹrù á pọ̀ jù fún àńtíbọ́dì, ìyókù á gba ọpọlọ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tún máa gbà á lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Ṣé “àìdọ́gba” nìkan lè sọ gbogbo èyí?

Ìjẹkújẹ tí o kà mọ́ -kí- wàyí: ìjẹ, -kí-, ìjẹ, ìjẹkíjẹ ló yẹ kó fún wa. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ ò ní jẹ́ kí irú ẹ̀ kọjá. Fáwẹ̀lì u ibẹ̀ yẹn, níbo ló ti wá?