Ṣẹ́lò kì í ṣe "ìyá gòjé"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ká máa pe ṣẹ́lò (cello), ohun èlò orin olókùn àwọn Òyìnbó, ní "ìyá gòjé", torí pé fáyólìn tó sanra ló jọ lójú yín. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

"Ìyá" yẹn ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Nínú dùndún, kì í ṣe títóbi ló sọ ìyáàlù di ìyá. Òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń darí, àwọn yòókù ń gbè é. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin àwọn Òyìnbó (fáyólìn méjì, fíólà kan tó tóbi díẹ̀ ju fáyólìn lọ, ṣẹ́lò kan), fáyólìn àkọ́kọ́ ló sábà ń ṣáájú. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ti ṣẹ́lò. Bí ṣẹ́lò bá wá di ìyá, kí la ó pe dọ́bù béèsì tó ga ju èèyàn lọ? Ìyá àgbà?

Orúkọ rẹ̀ gan-an ń pa mí lẹ́rìn-ín. Violoncello ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Violone ni fíólà ńlá. Wọ́n wá so ìrù "-cello" tó ń sọ nǹkan di kékeré mọ́ ọn. Ńlá kékeré! Ìrù yẹn nìkan ló kù lẹ́nu wa, nǹkan tó ga tó ọmọ ọdún méje.

Gòjé ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Haúsá ló ti wá, àwọn onísákárà ló sọ ọ́ di ará ilé. Okùn kan ṣoṣo ló ní, awọ ni wọ́n fi bo igbá rẹ̀. Okùn mẹ́rin ni ti ṣẹ́lò, igi sì ni gbogbo ara rẹ̀.

N'Íbàdàn níbí, ṣẹ́lò ni àwọn ọmọ tó ń lò ó ń pè é, "ṣ" tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti tíṣà náà ni. Ọ̀kan nínú wọn gbé tiẹ̀ wọ Máíkírà ní Mókọ́lá, dẹ́rẹ́bà gba owó èrò méjì, ó tún bi í pé pósí ta ni.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló yẹ ká jà sí. À ń lu ìlù, à ń fọn fèrè, à ń tẹ dùrù, à ń ta gìtá. Ọ̀pá onírun ẹṣin ni wọ́n ń fà lórí okùn ṣẹ́lò. Nígbà míì wọ́n á gbé ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n á fi ìka ta á. Ká ya "fa" àti "ta" sọ́tọ̀ ni tèmi. Àbúrò mi ní "họ" ló tọ́: láti ìgbà tí ọmọ òun ti ń kọ́ ọ nílé, ara gbogbo àwọn ló ń họ.