Ṣé abẹ́rẹ́ tuntun lè rọ́pò ẹ̀rọ fún ẹni tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun?

Ìyá Ẹniọlá (Ìbàdàn): Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Àyẹ̀wò oorun tí wọ́n ṣe fún Bàbá Ẹniọlá fi hàn pé èémí wọn a máa dúró tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní ìgbà 38 láàárín wákàtí kan. Dókítà ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ CPAP sùn, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ìbòmú kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa dí, ṣùgbọ́n ìbòmú rẹ̀ ń ni wọ́n lára, iná wa kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Àbúrò wọn tó wà ní Amẹ́ríkà ní abẹ́rẹ́ kan ti dé. Ṣé ká dá ẹ̀rọ padà, ká fi owó rẹ̀ ra abẹ́rẹ́?

Nọ́ọ̀sì Bísí (Manchester): Ẹ má tíì dá a padà, ẹ jọ̀ọ́. Tirzepatide ni abẹ́rẹ́ náà, oògùn tó ń dín sísanra kù. Àjọ FDA, tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún àìsàn yìí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tó sanra jù nìkan, nítorí pé ọ̀rá tó kóra jọ sí ọrùn àti ìdí ahọ́n a máa fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀. Nínú ìwádìí SURMOUNT-OSA, tí wọ́n fi ènìyàn 469 ṣe, iye ìgbà tí èémí ń dúró ní wákàtí kan fi nǹkan bí 25 dínkù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 52 fún àwọn tó gba abẹ́rẹ́ láìlo ẹ̀rọ. Ká tiẹ̀ ní ó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá, yóò ṣì ku bíi 13, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ 5 kí dókítà tó gbà pé kò sí àìsàn náà mọ́. Ṣé wọ́n sanra?

Ìyá Ẹniọlá: Rárá o, pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n.

Adéwálé (Houston): Ìwádìí kò dúró sórí abẹ́rẹ́ nìkan. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré kan níhìn-ín, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ rì sábẹ́ awọ àyà, tó ń ta iṣan ahọ́n jí kí ahọ́n má bàa ṣubú sẹ́yìn. Owó rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ní Yúróòpù, wọ́n ń dán sulthiame wò, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún wárápá tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí: A jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kọ́ ló kàn wọ́n. Ẹ bi dókítà eyín léèrè nípa ohun tí wọ́n ń kì sẹ́nu lóru láti fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú. Kò nílò iná, wọ́n sì ń lò ó fún ẹni tí kò lè fara da CPAP. Kó tó dìgbà náà, ẹ béèrè ìbòmú tó bo imú nìkan, kí ẹ sì wádìí bóyá ẹ̀rọ yín ń lo bátìrì. Bí ẹ bá pa apá tó ń mú omi gbóná nínú rẹ̀, bátìrì yóò pẹ́ sí i.