Ohun kékeré wo ni òbí tí kò ráyè lè máa ṣe lójoojúmọ́ tó máa ṣe ilé àti àdúgbò láǹfààní?

Aláṣọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa tí à ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tí a ń wọlé nígbà tí ọmọ ti fẹ́ sùn, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. N kò wá ohun tó gba owó tàbí ìpàdé. Ohun tí èèyàn lè ṣe láàárín ìgbà tó ń wẹ ọmọ àti ìgbà tó ń gbé e lọ sílé ìwé ni mò ń béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí a ṣe ń ṣe é àti ibi tó ti máa ń dàrú.

Ọmọ Kétu: Abọ́ onídèérí méjì àti àpò aṣọ kan, kí wọ́n máa wà lórí alùpùpù nígbà gbogbo, kí ẹ má bàa gba ọ̀rá lọ́jà. Ó parí.

Ìyá Eléèkọ: Ọmọ Kétu, o ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bu omi kún un. Láti ìparí ọdún 2017 ni òfin ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ (òfin 2017-39). Ọ̀rá kò tíì tán lọ́jà torí pé ẹni tó wá ra nǹkan kò mú nǹkan kan dání. Tí ẹ bá gbé abọ́ wá, inú ọlọ́jà á dùn, owó ọ̀rá kúrò lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn. Àkàrà gbígbóná: ẹ má dé abọ́ pa, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á mú kó rin, kó sì rọ̀. Ògì gbígbóná kò yẹ nínú ọ̀rá rárá, ife onídèérí ni kí ẹ mú wá. Ní ti ẹ̀kọ, ẹ ní kí wọ́n pọ́n ọn sínú ewé. Bí ewé kò bá sí lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ kan, ó wà lọ́wọ́ ìkejì rẹ̀.

Bàbá Ìbejì Ṣábẹ̀ẹ́: Ewé tíkì kò kúkú wọ́n níbí. Ewé kan náà tí ẹ fi pọ́n ẹran, tí ẹ bá jù ú sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á jẹrà. Ọ̀rá ni omi òjò ń wọ́ lọ dí gọ́tà.

Olùkọ́ Ilé Ìwé Kékeré: Ibi tí ọwọ́ òbí lè tètè tó ni ọwọ́ fífọ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún kọ́ sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, kí gbogbo ọmọ agboolé máa lò ó, kì í ṣe tiyín nìkan. Igi méjì tí orí wọn là sí méjì, ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ tó ìdajì mítà, kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 70. Ẹ gbé ọ̀pá kan dábùú orí wọn, ẹ ti ọ̀pá náà bọ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fi ìṣó tí ẹ yán níná lu ihò kan sí ara kẹ́ẹ̀gì, ní bíi sẹ̀ǹtímítà 12 sísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kí ìsàlẹ̀ okùn wà lára igi kékeré tí ọmọ á fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́, kẹ́ẹ̀gì á dorí kodò díẹ̀, omi á máa ṣàn. Ọwọ́ kò kan nǹkan kan.

Ibi tó ti máa ń dàrú: wọ́n á dé ìdérí pa, atẹ́gùn kò ní wọlé, omi á kàn máa kán tó, tó, tó. Ẹ lu ihò tíńtín sórí ìdérí. Ìkejì, ẹrẹ̀ á gbà ìsàlẹ̀ ibẹ̀, àwọn ọmọ kò sì ní fẹ́ débẹ̀ mọ́, torí náà ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Ìkẹta, òjò ń pa ọṣẹ. Ẹ lu ọṣẹ níhò, ẹ fi okùn kọ́ ọ, ẹ fi ìsàlẹ̀ ìgò ṣe ibòrí fún un.

Aránṣọ Kétu: Ṣé eérú kò lè dípò ọṣẹ?

Olùkọ́ Ilé Ìwé Kékeré: Bí ọṣẹ kò bá sí, ó sàn ju omi lásán lọ. Bí ọṣẹ bá wà, ọṣẹ ni.

Alápẹ̀rẹ̀: Ẹ ti gbàgbé ibi iná, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àkókò òbí ń lọ jù. Púpọ̀ nínú èédú tí à ń lò ní Àjàṣẹ́, apá Ṣábẹ̀ẹ́ àti Wẹ̀sẹ̀ ni igi rẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀wà ló ń jẹ èédú jù. Ó sì ṣeé ṣe kí iná ẹ̀wà má ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi kí ẹ tó sùn. Láàárọ̀, ẹ da omi yẹn nù, ẹ bu tuntun kó ga ju ẹ̀wà lọ ní ìka méjì. Ẹ jẹ́ kó hó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 pẹ̀lú ìdérí. Kí ó tó hó tán, kí apẹ̀rẹ̀ ti wà nílẹ̀: apẹ̀rẹ̀ ńlá tí ẹ ti kó aṣọ ogbó tàbí òwú àràbà sí, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìsàlẹ̀ àti yíká. Ẹ gbé ìkòkò sí àárín rẹ̀, ẹ kó aṣọ tàbí ìrọ̀rí lé e lórí, ẹ dì í pa. Ooru tó wà nínú rẹ̀ náà ló máa sè é. Láàárín wákàtí mẹ́ta ó ti rọ̀. Ẹ ti lọ ṣíṣẹ́ ní tiyín, èéfín kò sì wọ ilé aládùúgbò.

Ìkòkò gbọ́dọ̀ kún tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Oúnjẹ díẹ̀ nínú ìkòkò ńlá máa ń tutù kó tó rọ̀.

Ìyá Eléèkọ: Alápẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ti iná síbẹ̀ o! Èédú pupa wẹ́wẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Tó bá wọ inú òwú, á máa jó wúruwúru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, títí ilé á fi gbiná. Ẹ fi àkísà tútù nu ìdí ìkòkò, ẹ wò ó yíká, kí ẹ tó gbé e wọ apẹ̀rẹ̀.

Alápẹ̀rẹ̀: Òótọ́ pọ́ńbélé. Ẹ ṣeun, ìyá.

Bàbá Ìbejì Ṣábẹ̀ẹ́: Ó dáa, ṣùgbọ́n aago méjìlá ni àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé dé, kí wọ́n tó padà láago mẹ́ta. Láti aago méje sí méjìlá, ṣé kò ní kan?

Alápẹ̀rẹ̀: Ìbéèrè gidi. Ẹ fọwọ́ kan ara ìkòkò. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lára rẹ̀, ooru ibẹ̀ ṣì pọ̀ tó, kò ní bàjẹ́. Bí ọwọ́ bá lè dúró, ẹni tó wà nílé gbọ́dọ̀ tún un hó kó tó bù ú fọ́mọ. Bí kò bá sí àgbàlagbà nílé lọ́sàn-án, ẹ má gbé e kalẹ̀ láàárọ̀. Lálẹ́ ni kí ẹ ṣe é: ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà, ẹ jẹ ẹ́ láago mẹ́sàn-án. Ẹran ńlá kò bá apẹ̀rẹ̀ lọ.

Ọmọ Kétu: Káún bíńtín, ẹ̀wà á rọ̀, kí ló kan apẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́: Ọmọ Kétu, jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ ọmọ. Òótọ́ ni pé káún ń tètè mú èèpo ẹ̀wà rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa fítámìnì B1 inú rẹ̀. Sódíọ̀mù tó wà nínú káún kò sì dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ilé tí ìyá àgbà àti ọmọdé ti ń jẹun nínú ìkòkò kan náà, ẹni méjì ló ń bà jẹ́.

Aránṣọ Kétu: Àwọn ìyá wa fi káún sè é, wọ́n sì dàgbà. Èédú wọ́n. Kí lẹ fẹ́ kí ẹni tí kò lówó ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́: Kó rẹ ẹ̀wà mọ́jú. Omi ni, kò ná an ní nǹkan kan. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀wà le nígbà míì kì í ṣe àìsí káún: tòmátì tí wọ́n tètè dà sí i ni. Kíkan tòmátì kì í jẹ́ kó rọ̀. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ tán kí tòmátì tó wọlé. Omi kànga tó le, tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀, náà ń fa á, torí náà bí omi òjò bá wà, ẹ fi sè é.

Aránṣọ Kétu: Ti tòmátì yẹn, mo gbà. Ti káún, a ṣì máa jọ sọ̀rọ̀.

Ìyá Eléèkọ: Nígbà ooru, ẹ̀wà tí ẹ rẹ mọ́jú lè máa ru fòfó kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá jí lóru, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Aláṣọ Wàǹdó: Ẹ ṣeun gan-an. Ti kòkòrò ẹ̀wà ńkọ́? Òògùn tí wọ́n ń dà sí i lọ́jà ń bà mí lẹ́rù.

Bàbá Ìbejì Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ rà á nígbà ìkórè, ẹ sá a kó gbẹ kankan. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kó kún dé ẹnu, ẹ máa gbọ̀n ọ́n kí àlàfo má sí, ẹ dé e pa gírígírí. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí gbogbo atẹ́gùn tó kù tán, á sì kú. Ẹ má ṣí i fún oṣù méjì. Àwọn tó ń ṣí i wò lójoojúmọ́ ló ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ilé méjì lè jọ ra àpò kan, kí wọ́n pín in sí kẹ́ẹ̀gì.

Olùkọ́ Ilé Ìwé Kékeré: Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé epo kpayo (bẹntiróòlù fàyàwọ́) rí, ẹ má lò ó o! Ì báà ṣe fún ẹ̀wà, ì báà ṣe fún omi ìfọwọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi iyanrìn fọ̀ ọ́, epo ti wọ ara rọ́bà náà. Kẹ́ẹ̀gì òróró ni kí ẹ wá.

Ọmọ Kétu: Mo gbọ́. Ó kù kan: ṣé àtàsì, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, ṣeé sè nínú apẹ̀rẹ̀?

Alápẹ̀rẹ̀: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ̀wà ni kó kọ́kọ́ wọ apẹ̀rẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀. Ẹ padà gbé e sórí iná, ẹ da ìrẹsì tí ẹ ti fọ̀ sí i, kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tó tún wọ apẹ̀rẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí omi kéré ju bí ẹ ṣe máa ń bù ú lọ, nítorí ooru kì í gbé omi jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá lo omi bíi ti orí iná, á di àṣáró.

Ọmọ Kétu: Lálẹ́ òní nìyẹn. Mo ń lọ wá apẹ̀rẹ̀.