Kí ló gbé "do" dé iwájú "be" nínú gbólóhùn àṣẹ?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ gbólóhùn àṣẹ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo bá wá. "Sit down" yé mi: "you" fara pamọ́ síbẹ̀ ni, bí àwa náà ṣe ń sọ pé "Jókòó". "Don't be late" ló dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. "You aren't late" la máa ń sọ, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "You don't be late". Báwo wá ni "do" ṣe dé iwájú "be"? Ọmọ tí mò ń kọ́ kọ "Be not late" lánàá. Mo fa igi lé e, ó bi mí pé kí ló dé, mi ò rí àlàyé kankan ṣe. Ó ká mi lára gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọdún 10?

Ẹ tún bá mi wo èyí: ṣé "please" nìkan ló lè dúró fún "ẹ" inú "Ẹ jókòó"?