Switch 3 gba oyè lọ́wọ́ switch 1, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ kú iṣẹ́ o. Switch Catalyst 3850 ti Cisco (àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) mẹ́rin la so pọ̀ bí ẹyọ kan ní ọ́fíìsì wa ní Broad Street; ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀gá tó ń darí ìyókù, òmíràn sì ni igbákejì tó ń dúró dè é. Àdírẹ́sì IP kan ṣoṣo ni mo fi ń darí gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, iná lọ. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, UPS ti kú (bátìrì rẹ̀ ti di òkúta tipẹ́, mo ti pariwo títí). Nígbà tí iná dé, switch 3 ló di ọ̀gá, switch 2 di igbákejì. Ẹ̀bi tèmi ni: mi ò yí priority wọn (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yan ọ̀gá, èyí tó ga jù ló ń wọlé) rí, 1 ni gbogbo wọn wà, ẹni tí MAC rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó bá ẹ̀rọ wá) kéré jù ló jọba.

Mo ti tẹ "switch 1 priority 15", ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀gá tó wà lórí oyè kì í sọ̀ kalẹ̀ nítorí ìyẹn. Bí mo bá kọ́kọ́ tún switch 2 nìkan tàn, ṣé switch 1 ló máa di igbákejì, kí n wá fi "redundancy force-switchover" (àṣẹ tó ń gbé ipò ọ̀gá fún igbákejì) gbé e sípò? Àbí kí n dúró di alẹ́ Sátidé, kí n tún gbogbo wọn tàn? Àwọn akáúńtáǹtì wa ò fẹ́ gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já rárá.

Ó tún ku ọ̀kan: "show switch stack-ring speed", àṣẹ tó ń fi ipò òrùka wáyà tó so wọ́n pọ̀ hàn, ń kọ 240G àti Half, ìyẹn ni pé òrùka náà kò pé. Mo ti yọ wáyà ẹ̀yìn switch 4, mo nù ún, mo tún un kì bọ̀ ọ́, ibì kan náà ló wà. Ṣé kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà yẹn kí n tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ oyè?